Ayùn Ń Ké, Igi Ò Gé

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ra igi tí a fi ń sun òkú baálé ilé lọ́jà. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ la máa ń gé fún un. Ìdí nìyẹn tí ìyá Chathukutty fi gbin máńgòrò méjì nígbà tó bí ọmọkùnrin méjì. Ìjì wó ọ̀kan lulẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ náà ṣì kéré. Títí Chathukutty fi dàgbà ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Á ní, "Narayani, tèmi ló kù yẹn o. Kí Prabhakaran lọ wá tiẹ̀."

Èmi ni mo ń ta tíì níwájú ilé wọn. Ẹgbẹ́ Chathukutty ni mí, ilé ìwé kan náà la jọ sá kúrò. Prabhakaran àbúrò rẹ̀, ojú mi ló ṣe tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Iṣẹ́ ìgégi ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ayùn gbọọrọ kan wà tí wọ́n jọ ń fà, Chathukutty lápá ìhín, Prabhakaran lápá ọ̀hún, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́. Ayùn yẹn ló ń bá wọn sọ ọ́.

Ìgbà tí Shihab, ọmọ àdúgbò wa, ti Dubai dé ni ìjọ̀ngbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kan bọ̀ tí ó ti fi ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ó gbé e lé orí bẹ́ǹṣì mi, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ Dubai nìyí. Ṣéènì rẹ̀ kì í kú. Ẹ ò ní fi fáìlì pọ́n ọn títí ayé." Ojú Prabhakaran ń tàn yanran. Kó tó mu tíì rẹ̀ tán, ó ti ra ẹ̀rọ náà.

Chathukutty fi àtàńpàkò kan eyín ṣéènì náà, ó mi orí. Ó ní, "Ohun tó bá ń jẹ igi, eyín rẹ̀ á kú. Ti Dubai náà á kú."

Prabhakaran bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ìlara lẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀yin àti ayùn yín, ẹ lọ máa gé ẹ̀gẹ́."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ife tíì wà lọ́wọ́ mi. Chathukutty rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó tún aṣọ ìdí rẹ̀ dì, ó sì bọ́ síta. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Odindi ọdún, ògiri kan náà ló là wọ́n láàárín, kò sẹ́ni tó béèrè pé, "Ṣé àlàáfíà lo jí?"

Ilé ìyá wọn ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n pín yàrá, wọ́n pín àgbàlá, wọ́n pín igi àgbọn. Ahéré igi ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé nìkan ni wọn ò rí pín, nítorí ó fara ti ògiri àárín. Inú ahéré yẹn ni àwọn méjèèjì ń kó irinṣẹ́ sí, abẹ́ fèrèsé yàrá tí Prabhakaran ń sùn sì ni.

Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, bí mo bá ti ń dá iná mi, màá gbọ́ fáìlì nínú ahéré yẹn. Shìrí, shìrí. Á dáwọ́ dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé Chathukutty ni, ó ń pọ́n ayùn gbọọrọ rẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò pè síṣẹ́ mọ́. Mo máa ń bú u bó bá wá mu tíì. Màá ní, "Chathukutty, ọkọ wo lò ń wá fún ayùn yẹn tí o fi ń ṣe é lóge láràárọ̀?" Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Irinṣẹ́ kì í jáde nílé láì fọ eyín."

Prabhakaran ní tirẹ̀ ń bínú. Ó wí níṣojú mi pé, "Ẹ̀gbọ́n Narayani, ọkùnrin yẹn ò jẹ́ n sùn! Mo ṣiṣẹ́ títí ara mi fẹ́ já, kí n tó dijú, shìrí, shìrí létí mi. Lánàá, mo pariwo lójú fèrèsé. Mo ní, 'Ẹ jẹ́ n sùn!'"

Mo ní, "Kí ló fèsì?"

"Kí ló máa fèsì? Ó dákẹ́ ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí èkúté." Á wá na ẹsẹ̀, á máa fọ́nnu lórí ẹ̀rọ rẹ̀. "Èmi rèé, ọdún yí po, mi ò fi fáìlì kan tèmi. Ó ń jẹ igi bí ẹni ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Dubai ò láfiwé."

Nígbà tí òjò oṣù Karkidakam bẹ̀rẹ̀, àyà dá Chathukutty dùbúlẹ̀. Ikọ́ ń mú un, kò lè dá dìde jókòó. Ohùn fáìlì dákẹ́ nínú ahéré. Kò pẹ́ sígbà náà ni ayùn Prabhakaran bẹ̀rẹ̀ àìsàn tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, ṣùgbọ́n bó bá kan igi, ńṣe ló ń fi ara nù ún. Prabhakaran á fi gbogbo àyà rẹ̀ tì í, èéfín á máa rú lára igi bí ẹni ń sun iṣu. Iṣẹ́ tó ń ṣe tán kí oòrùn tó ga tẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ ojúmọ́ kan.

Shihab wá wò ó. Ó tú asẹ́ afẹ́fẹ́, ó fọ̀ ọ́. Ó pa púlọ́ọ̀gì dà. Ó da epo àtijọ́ nù, ó po tuntun. Ó ha èéfín dídì kúrò nínú ọ̀nà èéfín, ó tún kábúrétọ̀ yí, ó sì dẹtí sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì yìí ò láìsàn kankan."

Prabhakaran ní, "Bí kò bá láìsàn, kí ló ń ṣe é? Oníjìbìtì ni ẹ́. Òkú lo tà fún mi."

Nígbà gbogbo tí èyí ń lọ, kò wọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. Ó fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo rí i, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, ó dé ẹnu ìloro, ó dúró, ó yí padà. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wá bá mi. "Ẹ bá mi fún wọn. Ẹ má sọ pé èmi ni o."

Mo gbé e lọ. Chathukutty bó ọ̀kan, ó bu díẹ̀ jẹ, ó ní, "Ta ló ni ín?"

"Èmi ni."

"Irọ́ lò ń pa. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́, o ò fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ rí." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tán. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ayùn Prabhakaran ṣì ń gégi dáadáa. Mo rò pé ó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní ó ń gé. Ó di ojú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú.

Alẹ́ ló kú, nítorí náà a ní láti dúró de ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìlú Coimbatore. Ilẹ̀ mọ́, ó wá jẹ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan kéde pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Kò sí ọkọ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù, òpópónà dá páropáro. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rin apá kan tó gùn nínú ọ̀nà, ó dé ilé lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. A ti tẹ́ bàbá rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a tan fìtílà sí ìgbérí rẹ̀. Ooru mú, òjò ti dá, òkú kò sì lè wà nílẹ̀ di alẹ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ò gbọdọ̀ wọ̀ kí a tó dáná sun ún.

Prabhakaran ti dìde kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ó gbé ayùn ẹ̀rọ rẹ̀ sí èjìká, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wí fún gbogbo àwọn tó wà lágbàlá pé, "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi yẹn. Èmi ni màá gé e. Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ láàyè. Ẹ jẹ́ n ṣe èyí fún wọn."

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ó fa okùn, ẹ̀rọ bú. Ó gbé e sí ìdí máńgòrò, ó bẹ èèpo, ó wọlé bí ìka méjì, ó sì dúró síbẹ̀. Ariwo ń gba gbogbo àgbàlá, igi ò mì. Ó tì í. Èéfín rú. Ó yọ ọ́, ó tún gbé e sí apá kejì. Bákan náà.

Oòrùn ń yí. Prabhakaran pa ẹ̀rọ, ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó dá a padà. Ó fọ asẹ́. Ó fún ṣéènì le, ó dẹ̀ ẹ́, ó tún un fún. Lójú gbogbo wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: "Lónìí nìkan. Mo bẹ̀ ẹ́. Bó o bá fẹ́, kú lọ́la."

Ẹnì kan nínú àwọn ọkùnrin ní kí wọ́n lọ mú ayùn gbọọrọ nínú ahéré. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ tán kó tó rántí. Ayùn yẹn ń fẹ́ ẹni méjì tó mọ ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sì wà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n mú àáké wá. Igi tí ọkùnrin méjì ò lè gbá mọ́ra, àáké ń ta lára rẹ̀ bí ẹni ń lu òkúta.

Mo wí fún Prabhakaran jẹ́jẹ́ pé, "Jẹ́ kí a kó igi àti èèpo àgbọn tó wà nínú ahéré jọ. A ó fi sun ún."

Ó yí sí mi. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí. "Igi ìdáná, Ẹ̀gbọ́n Narayani? Wọ́n ní igi tiwọn, kí n wá fi igi ìdáná sun wọ́n bí ẹni tí kò ní àbúrò?"

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí Shihab fi ẹsẹ̀ rìn dé láti kí wa. Kò tíì bọ́ bàtà tí Prabhakaran fi fo mọ́ ọn, ó fà á lọ́rùn aṣọ. "Ìwọ! Wá wo ohun tí o tà fún mi! Wá wo bí o ṣe dójú tì mí níwájú òkú ẹ̀gbọ́n mi!"

A yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Shihab ò bínú. Ó lóṣòó sí ìdí igi náà, ó bu ohun tí ẹ̀rọ tu sílẹ̀, ó fi ìka rà á. Ó dà bí ìyẹ̀fun ìrẹsì.

Ó ní, "Ẹ wo èyí. Ṣéènì tó mú, èérún igi ló máa ń tu, kì í tu ìyẹ̀fun. Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Eyín ló kú. Ìgbà wo lẹ pọ́n ọn kẹ́yìn?"

"Pọ́n kí ni? Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kì í kú?"

Ojú ti Shihab. "Ẹni tó ń tajà ni mí nígbà yẹn. Mo rò pé ẹ mọ̀ pé ẹnu ọlọ́jà ni. Ọmọ onígi lẹ̀yin fúnra yín. Kò sí ṣéènì tí a kì í pọ́n. Bí ẹ bá lo èyí ọjọ́ méjì láì pọ́n ọn, ó parí."

"Mi ò pọ́n ọn rí. Ó ju ọdún kan lọ. Ó sì ń gé!"

"Kò ṣeé ṣe." Shihab fa ṣéènì náà sínú ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó eyín kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Eyín yìí gùn nígbà tí mo tà á fún yín. Ó ti kúrú dé ìdajì. Fáìlì ló jẹ ẹ́. Ẹnì kan ń pọ́n ọn, ọwọ́ ẹni náà sì gún. Gbogbo ẹ̀ dọ́gba."

Prabhakaran gba ṣéènì náà, ó ń wò ó. Mo mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Shìrí, shìrí, láràárọ̀.

Devayani, ìyàwó Chathukutty, ló jáde láti ẹ̀gbẹ́ òkú. Opó kì í jáde sáàárín ọkùnrin lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáde. Irun rẹ̀ tú sẹ́yìn. Ó mú nǹkan kan tí a fi àkísà dì dání, ó gbé e fún Prabhakaran. Fáìlì roboto kan ni, tín-ín-rín, irú èyí tí kò wúlò fún ayùn gbọọrọ. Ibi tí à ń fi ọwọ́ mú lára rẹ̀ ti ń dán.

Ó ní, "Ó lọ ra èyí ní ọjọ́ kejì tí o ra ẹ̀rọ rẹ. Ó ní ṣéènì tó bá kú máa ń ta padà sójú ẹni tó mú un. Mo ní kó sọ fún ẹ. Ó ní, 'Kò ní gbọ́, ó lágídí bí èmi. Ṣé kí n wá jẹ́ kí ẹ̀rọ fa ojú ọmọ ìyá mi ya torí pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?'"

Prabhakaran ń yí fáìlì náà po lọ́wọ́.

"Nígbà tó dùbúlẹ̀, ó ní kí n gbé òun dé ahéré. Ẹ̀ẹ̀mejì la dé ẹnu ọ̀nà tí mi ò lè gbé e mọ́." Devayani wo oòrùn. "Ọ̀rọ̀ tó kù, a ó sọ ọ́. Pọ́n ọn, Prabhakaran. Ojú ọjọ́ ń lọ."

Shihab na ọwọ́ pé kí òun bá a ṣe é. Prabhakaran kọ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ sáàárín orúnkún, ó gbé fáìlì sí eyín àkọ́kọ́, ó wá dúró. Ó ní, "Mi ò mọ bó ṣe ń gbà."

Shihab bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ọ̀nà ti wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ibi tí tiwọn gbà ni kí tiyín gbà."

Ó tì í. Shìrí. Omijé rẹ̀ ń kán sórí irin, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó ń bá a lọ. Ó yí ṣéènì náà po tán, ó dìde, ó fa okùn. Nígbà tó gbé e sí igi, ohùn ẹ̀rọ yí padà, ó wọlẹ̀, ó sì wọ inú máńgòrò náà lọ láì tì í. Èérún igi ń fò jáde, ó funfun, ó ń bà wá lẹ́sẹ̀. Igi wó lulẹ̀ nígbà tí oòrùn fara kan orí àwọn àgbọn. A là á, a tò ó, a kó èèpo àgbọn sábẹ́ rẹ̀. Iná ti ń jó kí oòrùn tó wọ̀. Igi tútù ni, síbẹ̀ ó jó.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àbámọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ kejì, mo dá iná mi lókùnkùn. Mo gbọ́ fáìlì. Ọwọ́ mi ti bu tíì sí ife Chathukutty kí n tó rántí. Mo gbé ife náà lọ́wọ́, mo yí sẹ́yìn ilé. Prabhakaran ló jókòó nínú ahéré, lórí kùkùté tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jókòó sí, ẹ̀rọ wà láàárín orúnkún rẹ̀.

Mo ní, "Ó ti mú lánàá. Bó o bá ń pọ́n ọn báyìí, kò ní ku eyín kankan."

"Mo mọ̀."

Kò dáwọ́ dúró. Mo gbé tíì náà sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó na fáìlì sí fèrèsé tó wà lókè orí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń sùn nínú yàrá. A ń gbọ́ ìmí rẹ̀ ketekete, bí ẹni pé ó wà láàárín wa.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ? Bí èèyàn bá na ọwọ́ láti ibí, ó máa kan ibi tí mo ń gbé orí sí. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ bí mo ṣe ń hanrun láràárọ̀." Ó gbé fáìlì sórí eyín, kò tì í. "Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ yìí, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo bá wọn sọ, Ẹ̀gbọ́n Narayani. Mo ní, 'Ẹ jẹ́ n sùn.'"